Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó ti wà láti ilé-ìwé girama: ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ohun èlò

Onígìtá_Ìjàpọ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Márùn-ún ni wá: gìtá méjì, béèsì, onílù, akọrin. Ilé-ìwé girama kan náà ní Àkúrẹ́ la ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí wa ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, a ò sì tíì tú ká. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Ìjàpọ̀ la ti ń dánra wò, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, gígùn rẹ̀ 20. Ohùn akọrin kì í hàn, máìkì ń han wíì, etí ń dún tá a bá parí, àwọn aládùúgbò sì ti ń ráhùn. A ó ṣeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa ní oṣù Kejìlá. Sípíkà ńlá wo ni kí á rà?

Bàbá Míksà: Ẹ kú ìrẹ́pọ̀ o. Ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's l'Ékòó ni àwọn Ofege, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ìgbà yẹn, nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Ó dùn mọ́ni pé irú rẹ̀ ṣì ń lọ l'Ákùúrẹ́.

Ẹ má tíì ra sípíkà kankan. Orí ìlù ni ariwo yín ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlù ò ní bọ́tìnì téèyàn ń yí sílẹ̀. Bí onílù bá lù ú kíkan, onígìtá á gbé tiẹ̀ sókè kó lè gbọ́ ara rẹ̀, béèsì á tẹ̀ lé e, akọrin á wá máa pariwo títí ohùn á fi há. Ẹ gba ọ̀pá ìlù 5B tó nípọn lọ́wọ́ onílù, ẹ fún un ní 7A tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ki ìrọ̀rí sínú ìlù àfẹsẹ̀tẹ̀, kó fara kan awọ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ lẹ téèpù tó gùn tó ìka sábẹ́ símbà, àwọn abọ́ idẹ tó ń dún. Ẹ ká aṣọ ìnura, ẹ fi bo ìdá mẹ́rin kan ojú snare, ìlù kékeré tó wà láàárín ẹsẹ̀ onílù.

Ó ku áńpù gìtá, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ gbé e sí, àbí? Orúnkún ò ní etí. Ẹ gbé e sórí àpótí, kó dojú kọ orí ẹni tó ń ta á. Òun fúnra rẹ̀ ló máa yí i sílẹ̀.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Bàbá Míksà, mo fara mọ́ tìlù, ṣùgbọ́n akọrin tí ò ní sípíkà tirẹ̀ á fi ọ̀nà ọ̀fun san án. Kí wọ́n ra méjì oní-ínṣì 12 tí áńpù wà nínú rẹ̀.

Bàbá Míksà: Ọ̀kan tó nínú yàrá yẹn. Kí èkejì dúró de oṣù Kejìlá. Bó bá sì jẹ́ sípíkà tí kò ní áńpù nínú ni wọ́n rí, kí wọ́n wo ẹ̀yìn áńpù kí wọ́n tó so ó. Óòmù la fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Sípíkà méjì oní-8 óòmù tá a so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti di 4. Áńpù tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò gbọdọ̀ dín ní 8 á dún dáadáa níbẹ̀rẹ̀, á gbóná, á sì jó. Ẹ má sì ti béèsì bọ áńpù gìtá rárá. Pépà sípíkà rẹ̀ kò lè gba ìró ìsàlẹ̀, á ya.

Ìyá Akọrin: Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti máìkì. Sípíkà tó ń sọ̀rọ̀ sójú máìkì ló ń mú un han. Sípíkà tí àwọn èèyàn ń gbọ́, kó wà níwájú akọrin, kó kẹ́yìn sí i. Èyí tí akọrin fúnra rẹ̀ ń gbọ́, kó wà nílẹ̀ lẹ́yìn máìkì, kó kọjú sí i, nítorí máìkì akọrin kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ tí akọrin bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì bíi ti àwọn olórin inú fídíò, ó ti dí àwọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ti ń gbọ́ láti gbogbo ìhà nìyẹn.

Ògiri sìmẹ́ńtì máa ń dá ohùn padà. Ẹ fi rọ́ọ̀gì tó nípọn kọ́ sára ògiri tó wà lẹ́yìn akọrin kẹ́ ẹ tó kan òmíràn, torí òun ni máìkì kọjú sí. Kéréètì ẹyin kò lè dá ariwo dúró, ó sì tètè ń gbiná. Abẹ́ géètì onírin ni ariwo ń gbà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ẹ gé túùbù táyà àtijọ́, ẹ fi dí àlàfo yẹn.

Iná_ỌbaIlé: Tẹ́ ẹ bá ti dí i, jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà o. Èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn. Èyí tó jẹ́ 2.5 kVA ń gbé nǹkan bíi wáàtì 2,000. Ẹ má jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ kọjá 1,500.

Ṣé iná máa ń ta akọrin létè tó bá ń ta gìtá? Ara wáyà ilẹ̀ (earth) ló wà. Orísun iná kan ṣoṣo ni kí áńpù gìtá àti míksà, ẹ̀rọ tó ń pa ohùn máìkì pọ̀, ti máa gba iná, ẹ má sì gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì. Tó bá ṣì ń ta, ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ pe oníná. Míksà lẹ ó kọ́kọ́ tàn, sípíkà gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá ń pa á, sípíkà lẹ ó kọ́kọ́ pa. Láìṣe bẹ́ẹ̀, á dún gbàm, ìró yẹn sì lè ba sípíkà jẹ́.

Ìyá Akọrin: Etí tó ń dún kì í ṣe nǹkan àmúṣeré. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ìró ṣe le tó. Ìró 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wákàtí 8 lóòjọ́ ni etí lè fara dà á mọ. Gbogbo 3 tó bá gorí rẹ̀ ń gé àkókò yẹn sí méjì, nítorí náà 100 kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ ra ìdítí olórin tó ń dín gbogbo ìró kù lọ́gbọọgba. Oní-fóòmù ń jẹ ohùn òkè, onígìtá á sì tún yí tiẹ̀ sókè. Tí etí bá ṣì ń dún lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà etí.

Onígìtá_Ìjàpọ̀: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ohùn akọrin ò gòkè bíi tàtijọ́ mọ́, ìka àwa náà sì ń ro wá. Kí la lè ṣe sí i?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Gbogbo yín, béèsì náà ńkọ́, ẹ dẹ okùn sílẹ̀ ní ìdajì ohùn, kí E di E♭. Akọrin á mí, okùn 10–46 á sì rọ̀ lábẹ́ ìka bí 9–42 tó tín-ín-rín jù ú lọ. Lásìkò òjò, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu abẹ́ okùn kẹ́ ẹ tó kó gìtá sápò, torí òógùn ló ń mú okùn dógùn-ún. Fún oṣù Kejìlá, ẹ ra okùn kìíní, èyí tó tín-ín-rín jù, méjì sí i lọ́tọ̀. Òun ló máa ń já jù.