Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì bàbá wa

Ẹ kú sùúrù o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bèèrè bóyá ẹ́ńjìnnì tí bàbá wa fi sílẹ̀ sẹ́yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ti Porsche 356, ọkọ̀ eré àtijọ́ kan láti Jámánì, torí ẹnìkan ní owó rẹ̀ tó kọ́lé.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Tákíè wá wò ó lánàá. Ó fi àkísà tó rẹ sínú kẹrosíìnì nu abẹ́ dáínámò títí nọ́ńbà fi yọ; lẹ́tà D ló ṣáájú. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Àbúrò, ti Volkswagen Ìjàpá lèyí, 1200 cc."

N ò bá ẹni tó ṣì mí lọ́nà jà ṣá. Ara ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ni Porsche ti kọ́kọ́ mú ti 356 jáde. Èyí tó ń gba owó gọbọi ni ti Carrera, oríṣi 356 kan, iṣẹ́ Ernst Fuhrmann, ẹnjiníà Porsche: camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) mẹ́rin, ọ̀pá àti gíà eléyín ló ń yí wọn, kì í ṣe ṣéènì. Wọn ò ṣe é púpọ̀, títò ó sì le ju ẹ̀mí lọ. Tiwa, camshaft ẹyọ kan péré!

Owó ilé ti fò lọ. Àmọ́ ọ̀gá fọwọ́ yí i, ó yí, kò há. Inú Ìjàpá bàbá ló ń padà sí. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé, ẹ ṣé gan-an.