Ṣé mo lè fi Prius jọ́mpù ọkọ̀ ẹlòmíì?

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Bátìrì Camry bàbá onílé wa ti kú láti àná. Tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, "tá-tá-tá" nìkan là ń gbọ́. Wọ́n ní kí n gbé Prius mi ti 2010 (ọkọ̀ háíbíríìdì, tó ń lo epo àti iná mọ̀nàmọ́ná pọ̀) wá ká fi jọ́mpù ú. Ojú ń tì mí láti kọ̀, wọ́n ti ṣe mí lóore púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí: bátìrì 12V tèmi kéré, iná tí sítátà sì máa ń fà lójijì pọ̀ gan-an, kó má lọ jó nǹkan olówó ńlá. Riwáyà àdúgbò ní kò séwu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n: ṣé kí n gbà, àbí ká kúkú tú bátìrì wọn lọ ṣáàjì?