Tíì tó ń fa ikùn wọlé: tèmi rèé, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń rí i bí ẹ ṣe ń bèèrè nípa tíì àti kápúsù tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kéèyàn fọn, pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, mo ní kí n sọ ojú mi tó rí i kí ẹlòmíì náà sọ tiẹ̀.

Télọ̀ ni mí, Ìbàdàn níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kejì mo gun sikéèlì, 93 kílò, bẹ́ẹ̀ kí n tó lóyún mi ò ju 74 lọ. Kọ́sítọ́mà mi kan ló mú tíì náà wá, ó ní àbúrò òun lò ó, ikùn ẹ̀ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rà á. Alálẹ́ ni wọ́n ní kí n máa mu ún. Ìdájí ọjọ́ kejì inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sá lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ọ̀rá ló ń jáde. Mo gbà wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ kẹjọ mo tún gun sikéèlì, ó ti di 89! Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí n tó fọ ẹnu.

Tépù ló jẹ́ kí n fura. Kò sọ́jọ́ tí tépù kì í sí lọ́rùn mi, iṣẹ́ mi ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ tíì yẹn mo ti kọ ìwọ̀n ara mi sínú ìwé kan náà tí mo fi ń kọ ti kọ́sítọ́mà: ikùn 42, ìdí 47. Kílò mẹ́rin ti lọ báyìí, mo wá fi tépù yí ikùn ká, 42. Mo ní bóyá mo fà á ṣìnà, mo mí síta, mo tún un wọ̀n, 42 náà ni. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó bá mi wọ̀n ọ́n, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní "Àǹtí, 42 ni o." Kílò mẹ́rin kúrò lára mi, ìdajì ínṣì ò kúrò níkùn. Kí wá ló lọ?

Mo gbé páálí ẹ̀ lọ bá obìnrin tó wà ní kẹ́míìsì àdúgbò wa. Ó kà á, ó ní senna ló wà níbẹ̀, ìran kan náà pẹ̀lú asùnwọ̀n táwọn ìyá wa ń sè fẹ́ni tí kò rí ìgbẹ́ yà. Ó ní inú ìfun ńlá ni senna ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí oúnjẹ bá sì fi máa débẹ̀, ara ti fa ọ̀rá àti ṣúgà inú ẹ̀ sínú tán, omi àti ìgbẹ́ nìkan ló kù tó ń gbá jáde. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí òòyì máa kọ́ mi tí iṣan ẹsẹ̀ sì ń fà mí lóru. Mo dáwọ́ ẹ̀ dúró, kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí sikéèlì fi padà sí 92.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín.

Bàbá Ọláolúwa: Ẹ ṣeun mà. Kápúsù ni tèmi, wọ́n ní ewé àti egbò lásán ni. Mọ́tò ni mò ń wà, Ìbàdàn sí Èkó. Ọjọ́ mẹ́ta ebi ò pa mí rárá, mo ní oògùn yìí ń jẹ́, àfi bí àyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì lójú títì, oorun ò kùn mí lóru, ẹnu mi gbẹ. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì torí èrò wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí wọ́n wo BP mi, 170 lórí 105, èmi tí mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Dókítà ní kí n mú ike ẹ̀ wá, kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Ó ní oògùn kan wà tó ń jẹ́ sibutramine, wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó sanra jù, ọdún 2010 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù torí ó ń fa rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn, àmọ́ FDA, ìyẹn NAFDAC ti Amẹ́ríkà, ṣì ń bá a nínú kápúsù tí wọ́n ń pè ní ewé lásán, wọn ò sì kọ ọ́ sára páálí. Ó ní òun ò lè búra pé sibutramine ló wà nínú tèmi láìṣe àyẹ̀wò. Mi ò dúró gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti kó o dànù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London: Èmi ra èyí tí òfin gbà níbí, orlistat, 60mg, mò ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Èyí ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kì í jẹ́ kí ara fa nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú ọ̀rá téèyàn bá jẹ. Àmọ́ ọ̀rá yẹn gbọ́dọ̀ jáde. Mo jẹ ẹ̀fọ́ elépo lálẹ́ Sunday, àárọ̀ Monday epo ti yọ sí mi láṣọ níbi iṣẹ́, ojú tì mí gan-an. Oṣù mẹ́rin, kílò mẹ́ta. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa fítámì náà o, torí ó ń dí fítámì A, D, E àti K lọ́wọ́, alẹ́ tí mo bá fẹ́ sùn ni wọ́n ní kí n máa lo fítámì tèmi.

Àdùkẹ́: Àǹtí télọ̀, kí lẹ wá ṣe lẹ́yìn náà? Wọ́n ní osàn wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀ ń yọ́ ọ̀rá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, wọ́n ti fún mi ní tíì kan báyìí.

Télọ̀: Àbúrò mi, osàn wẹ́wẹ́ kì í yọ́ ọ̀rá. Mo mu ún, ohun tó ṣe fún mi ni pé ó gba ipò mínírà. Mínírà méjì ni mo máa ń mu lójúmọ́ nídìí máṣíìnì, mọ́ọ̀tì tún wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń fún ọmọ lọ́yàn torí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí omi ọyàn pọ̀. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, epo. Tẹ́lẹ̀ mo kàn ń dà á látinú kèrègbè ni, ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí wọ̀n ọ́n ni mo rí i pé ìkòkò ọbẹ̀ kan ń gbà tó ṣíbí méjìlá, bẹ́ẹ̀ ṣíbí ńlá kan á tó kálórì 120, epo pupa ni o, òróró ni o. Mo dín in sí mẹ́rin. Ẹ̀bà mi di ìwọ̀n ìkúùkù mi, ẹ̀fọ́ wá pọ̀ jù ú lọ nínú àwo. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ò jẹ́ kí ebi tètè pa mí. Nírọ̀lẹ́ mo máa ń sọ̀ ní Mọ́kọ́lá kí n fẹsẹ̀ rìn dé Dùgbẹ̀ kí n tó wọ mọ́tò míì.

Ó pẹ́. Oṣù kìíní, kílò kan péré. Àmọ́ lóṣù kẹta tépù sún sí 40, oṣù kẹwàá ó di 37, sikéèlì ní 82. Mi ò tíì dé 74, mo ṣì ń rìn.

Tìẹ, gbé tíì yẹn sílẹ̀ ná. O ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ara ẹ ń wá omi àti oúnjẹ, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikùn dẹ́rù bà ọ́. Mú páálí ẹ̀ dání lọ́jọ́ tó o bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, kó o fi han nọ́ọ̀sì, kó o wá sọ ohun tó bá wí fún wa níbí.