Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ mú màmá mi tí orúnkún ń dùn lọ sí etíkun Algarve

ÌYÁ TÓLÚ (Croydon)
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé, ẹ kú iṣẹ́ ajé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ara wọn le dáadáa àfi orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ rí etíkun òyìnbó, mo mú wọn dé Brighton nígbà tí wọ́n wá níjelòó, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, wọ́n ní yanrìn àti oòrùn làwọn ń wí. Èmi àti ọkọ mi wá ní ká lọ sí Algarve, gúúsù Pọ́túgà, ní August táwọn ọmọ bá gba ọlidé. Gbogbo fọ́tò tí mò ń rí, Benagil, Marinha, Camilo, ó dùn ún wò débi pé mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú. Ìlú wo la lè dúró sí tí màmá á gbádùn táwọn ọmọ náà á ríbi wẹ̀? Ṣé dandan ni ká rẹ́ǹtì mọ́tò? Físà màmá ńkọ́, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni tiwọn, ti ìlú ọba làwa yòókù ní.

BÀBÁ ÌBEJÌ
Ìyá Tólú, físà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú kẹ́ ẹ tó máa wo fọ́tò. Físà ìlú ọba tí màmá bá gbà ò lè mú wọn wọ Pọ́túgà, físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Pọ́túgà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lọ́tọ̀ ni, ilé ni kí wọ́n sì ti gbà á kí wọ́n tó wá, torí ibi téèyàn ń gbé gan-an ni wọ́n ti máa ń gbàwé ẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ pé àlejò ló wá ṣe ní London wọ́n lè dá a padà síbi tó ti wá. Yúrò 90 lowó ẹ̀ fún àgbàlagbà, wọ́n á tún béèrè íńṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè gbé ìtọ́jú tó yúrò 30,000. Oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gbà á wọlé, tó bá jẹ́ August lẹ fẹ́, kí màmá ti wà nídìí ẹ̀ láti February, ẹ má dúró di ìgbà tó bá ku díẹ̀, òfin ní ọjọ́ 15 ni kí wọ́n fi dáhùn àmọ́ wọ́n lè fà á dé 45. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó ẹ̀ padà kí físà tó jáde o, mo bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin ò nílò físà, ọjọ́ 90 nínú 180 ni tiyín. Ṣùgbọ́n láti October 2025 wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò èèyàn tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka ní bọ́dà, ọmọ tí ò bá tíì pé 12 kì í tẹ̀ka ní tiẹ̀. Ẹ fàyè sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé pápákọ̀ òfuurufú Faro.

AṢABÍ (Albufeira)
Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni mò ń gbé, hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ rí yẹn, apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti yà á, níbi tí àpáta ga tí òkun wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kan yanrìn ní Camilo, àtẹ̀gùn bíi 200 lẹ máa sọ̀ kalẹ̀, òun náà lẹ sì máa gùn padà nínú oòrùn August. Marinha náà, àtẹ̀gùn ni. Benagil, láti 2024 wọn ò gbà kéèyàn lúwẹ̀ẹ́ wọnú ihò àpáta yẹn mọ́, wọn ò sì gbà kẹ́nikẹ́ni sọ̀ sórí yanrìn inú ẹ̀, inú ọkọ̀ lẹ máa jókòó sí tẹ́ ẹ máa wò ó. Kò burú téèyàn bá wò ó báyẹn, ó rẹwà gidi, àmọ́ kì í ṣe ibi tí màmá á jókòó gbatẹ́gùn. Ohun mìíràn nìyí, ẹ má tẹ́ ẹní sábẹ́ àpáta bó ti wù kí òjìji ibẹ̀ tutù tó. Ní 2009, àpáta ya lulẹ̀ ní Praia Maria Luísa lẹ́bàá wa níbí, èèyàn márùn-ún ló kú. Wọ́n gbé pátákó ìkìlọ̀ síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó ń sùn lábẹ́ pátákó náà gan-an, àyà mi máa ń já.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ lọ sápá ìlà-oòrùn, ẹ gba ilé sí Tavira. Ibẹ̀ ò ní àpáta, erékùṣù yanrìn gbọọrọ ló wà níwájú òkun, omi ibẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ju tapá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ mú màmá lọ sí Praia do Barril. Lẹ́bàá Santa Luzia, ẹ máa gba orí afárá kékeré kan kọjá, ẹ ó bá tréènì kékeré kan, bíi ti àwọn ọmọdé, tó máa gbé yín gba àárín ẹrẹ̀ ọ̀sà, bíi kìlómítà kan, títí dé ẹ̀yìn bíìṣì. Àtẹ̀gùn kankan ò sí níbẹ̀. Àwọn ìdákọ̀ró ńláńlá tó ti dípẹtà ló tò sórí yanrìn, àwọn apẹja túnà ayé àtijọ́ ló ni wọ́n, nígbà tí túnà ò wá mọ́ wọ́n fi wọ́n síbẹ̀. Ní Santa Luzia fúnra ẹ̀, ẹ ó rí ìkòkò amọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò jọ sétí omi pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ọ́kítópọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń mú, á wọnú ẹ̀ lọ sùn bí ẹni wọlé ara ẹ̀, wọ́n á wá fà á sókè.

ỌMỌ ẸLẸ́KỌ̀Ọ́
Ọ̀rọ̀ Aṣabí dáa, àmọ́ ẹ má fi Lagos tiwọn sílẹ̀ o. Àpáta kọ́ ni gbogbo ibẹ̀, Meia Praia tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gùn ju kìlómítà mẹ́rin lọ, kò jìnnà sí ìdíkọ̀ rélùwéè. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ débẹ̀ ni Mercado de Escravos, ìyẹn Ọjà Ẹrú, ilé kékeré kan ní gbàgede àárín ìlú, wọ́n ti sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù. Ní 1444 ni wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà 235 sọ̀ sí èbúté Lagos yẹn, tí wọ́n pín wọn bí ẹrù, ìyá lọ́tọ̀ ọmọ lọ́tọ̀. Ní 2009 tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́ ibùdó mọ́tò síbẹ̀, egungun èèyàn tó lé ní 150 ni wọ́n rí nínú ààtàn ìgbà náà, ẹrú ni wọ́n, wọ́n dà wọ́n nù síbẹ̀ ni. Àwa tá a wá láti etíkun tí wọ́n ti kó èèyàn lọ, kò yẹ ká wẹ̀ níbẹ̀ ká máa lọ láì dúró díẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn.

ÌYÁ TÓLÚ (Croydon)
Ha, mi ò mọ èyí rárá. Ẹ ṣeun gan-an. Màmá mi á fẹ́ débẹ̀, tíṣà hísítírì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ṣé tréènì á gbé wa láti Tavira lọ sí Lagos? Oúnjẹ ńkọ́, wọn kì í jẹ ohun tí ò bá ní ata.

AṢABÍ (Albufeira)
Tréènì wà, láti Lagos títí dé Vila Real lẹ́gbẹ̀ẹ́ Spéènì, ìdajì owó sì ni àwọn tó bá ti pé 65 ń san, kí màmá mú pásípọ́ọ̀tù dání. Ṣùgbọ́n ẹ lè ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ ní Faro, ó sì pẹ́ lọ́nà, á sú wọn. Ẹ rẹ́ǹtì mọ́tò fún ọjọ́ Lagos yẹn nìkan, láti January 2025 wọn ò gba owó toll lójú A22, títì márosẹ̀ Algarve, mọ́. Láàárín Tavira, ẹ ò nílò mọ́tò. Kí màmá wọ bàtà rọ́bà tó di ẹsẹ̀ mú o, òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà ń yọ̀.

Oúnjẹ ò ní wọ́n yín. Sádíìnì tútù lórí eyín iná, oníyọ̀ ṣáá, pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Arroz de marisco, ìrẹsì olómi tí wọ́n fi edé àti ìṣáwùrú sè, màmá á fẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Lagos, ẹ yà ní Guia ẹ jẹ adìẹ piri-piri, ẹ ní kí wọ́n gbé ata wá lọ́tọ̀ torí kò ta tó bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n bá gbé síwájú yín kẹ́ ẹ tó béèrè, owó ni, tẹ́ ò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò.

BÀBÁ ÌBEJÌ
Ẹ fi ti àsíá tí wọ́n máa ń ta sí bíìṣì kún un fún àwọn ọmọ.

AṢABÍ (Albufeira)
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Gíríìnì, ẹ wẹ̀. Yẹ́lò, ẹ lè wọ omi, ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Pupa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá dé bíìṣì tó ní àmì Praia Acessível, wọ́n tẹ́ ọ̀nà sórí yanrìn, àwọn míràn ní kẹ̀kẹ́ tó ń wọnú omi, tí wọ́n á fi ti màmá wọlé tí wọ́n á sì tì wọ́n jáde. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń ṣọ́ bíìṣì ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

ÌYÁ TÓLÚ (Croydon)
Ọlọ́run á bù kún yín. Tavira ni, ọjọ́ kan fún Lagos. Màmá ń lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ́la. Aṣabí, tá a bá fẹ́ wọ tréènì Barril yẹn, ṣé àárọ̀ ló dáa àbí ọ̀sán?

AṢABÍ (Albufeira)
Àárọ̀ o, kó tó di aago mẹ́wàá. Tọ́sàn-án bá pọ́n ní August èrò á ti kún. Ẹ mú agbòòrùn tiyín lọ.