«Àkìbọ̀» ni mo fara mọ́, kì í ṣe «abẹ́rẹ́»

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe SQL injection, ìyẹn kí olè ki àṣẹ tirẹ̀ bọ inú ọ̀rọ̀ tí ìkànnì ń fi ránṣẹ́ sí àká dátà (ibi tí ó ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí), ní «abẹ́rẹ́ ìbéèrè», kí á sì pe irú rẹ̀ tó ń fi àkókò ṣiṣẹ́ ní «ìkọlù àkókò». Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè gba méjèèjì.

Létí Yorùbá, nọ́ọ̀sì ló ń gúnni lábẹ́rẹ́, ìwòsàn la sì ń retí níbẹ̀. Olè yìí kò gún nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù orí ìkànnì ní kó kọ orúkọ. Ó kọ orúkọ, ó sì ki àṣẹ tirẹ̀ bọ inú rẹ̀. Àká dátà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ onílé parí sí, ó ń jẹ́ gbogbo rẹ̀ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹni ki ọwọ́ bọ àpò ẹlòmíràn ló rí, ìdí nìyí tí mo fi mú «àkìbọ̀» wá. Mo ro «àfibọ̀» náà wò, àmọ́ àwọn onígírámà ti ń lò ó fún gbólóhùn tó wà nínú gbólóhùn.

Ti àkókò ló le jù. «Ìkọlù àkókò»: ṣé àkókò ni wọ́n kọlù ni? Ojú ewé kì í fi ohunkóhun han olè yìí, ìbáà ṣe èsì tàbí àṣìṣe. Ó wá pàṣẹ fún àká pé: bí lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà bá jẹ́ «a», sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Nínú àwọn ètò àká dátà, SLEEP ni MySQL ń pe oorun yẹn, PostgreSQL ń pè é ní pg_sleep, SQL Server ní WAITFOR DELAY. Bí ojú ewé bá yára ṣí, rárá ni. Bí ó bá pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn títí àṣírí yóò fi tú. Ìdádúró gan-an ni ìdáhùn! Nítorí náà, «àkìbọ̀ onídàádúró», bí a ti ń sọ «onídàájọ́».

Ààbò rẹ̀ náà ń fẹ́ orúkọ. Nínú prepared statement, a ti kọ àṣẹ tán, a fi àlàfo sílẹ̀, àká sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ àlejò tó dé. Ohun yòówù kí àlejò kọ síbẹ̀, kò lè di àṣẹ mọ́. «Àṣẹ aláàlàfo» ni mo pè é. Ẹnìkan sọ pé statement_timeout ti PostgreSQL, tó ń gé àṣẹ tó bá pẹ́ jù, ti tó. Kò tó rárá: olè á dín oorun rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú àáyá 1, ihò ṣì wà níbẹ̀.

«Onídàádúró» ṣì gùn lẹ́nu mi díẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí kò sì pa ìtumọ̀ rẹ̀ lára, kó jọ̀ọ́ mú un wá.