Aláǹtakùn abẹ́ ewé: tuntun ni àbí?

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin ará. Aláǹtakùn kékeré kan wà lábẹ́ ewé jíjẹrà lóko kòkó ní Ìjùmú. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì?

Ìdáhùn 1: Òkun o. Àwọ̀ ń tanni jẹ. Ẹ wá akọ tó ti gbó: apá kékeré méjì ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ á wú lórí. Ibẹ̀ la fi ń dá a mọ̀. Ti abo, abẹ́ ikùn ni.

Ìdáhùn 2: Ẹtanọ́ọ̀lù (ọtí líle) 70–80% ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí. Ògógóró kì í sábà le tó. Fọ́málìn ń ba DNA jẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ibi àti ọjọ́ sínú ìgò, torí yíǹkì báírò á ṣí.

Ìdáhùn 3: Ẹ fi wé àwọn tó wà nínú World Spider Catalog, àkójọ orúkọ aláǹtakùn àgbáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, ẹyọ kan pàtó gbọ́dọ̀ wọ mùsíọ́mù. Òun lorúkọ dúró lé.