Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Leeds (Iléṣà ni mo wà báyìí)

Ẹ̀yin ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká, mo kí gbogbo yín o. Mo wálé wá ṣe ìrántí ọdún kan màmá wa, ni mo bá bá ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n róorun sùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọrin, èyí tó máa ń fi gángan sínú orin àwọn ọmọ ìwòyí, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Ojú ewé 34 ni. Mílíọ̀nù 20 náírà ni wọ́n fẹ́ kó lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ní ọjọ́ Ẹtì ò gbọdọ̀ kọjá kó tó fèsì.

Lálẹ́ àná, iná ò sí, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí fóònù tirẹ̀ ká lè rí i kà. A kà á dé ibi tí wọ́n ti ní gbogbo orin tó bá gbà sílẹ̀ ti di tiwọn ní gbogbo àgbáyé, títí láé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, títí láé yẹn, tí mo bá kú ńkọ́?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyá rẹ̀ ti ń dúpẹ́ kiri àdúgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀dí iṣẹ́ yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìṣọ̀kun, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìrántí màmá o, àǹtí. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ nǹkan kan lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ yẹn tọkàntọkàn lónìí á ṣì fẹ́ ẹ lóṣù tó ń bọ̀.

Mo ti tọwọ́ bọ irú ìwé yẹn rí, nígbà tí mo ṣì ń ta gìtá. Orin mẹ́sàn-án ni mo gbà sílẹ̀ fún wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé jáde. Mẹ́jọ tó kù ń bẹ lọ́dọ̀ wọn títí dòní, mi ò sì láṣẹ láti fi wọ́n síbì kankan. Ọ̀kan nínú wọn, ìgbà tí bàbá mi kú ni mo kọ ọ́. Mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ ọ rí.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ má kọ́kọ́ wo owó. Ta ló ni másítà, ìyẹn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an? Fún ọdún mélòó? Ìgbà wo ló máa padà sọ́wọ́ ọmọ? Taylor Swift lówó, ó lókìkí, síbẹ̀ wọ́n ta másítà àwo mẹ́fà rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹlòmíì ní 2019. Ó di 2025 kó tó rà wọ́n padà.

Ní ti mílíọ̀nù 20 yẹn, ẹ rántí àwọn bàbá wa òṣómàáló. Wọ́n á gbé aṣọ fún èèyàn láwìn, tó bá dọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní dìde àfi tówó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwìn lowó yìí náà. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ò ní wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín, torí ọwọ́ wọn ni gbogbo owó orin ń gbà kọjá, inú ìpín olórin nìkan ni wọ́n sì ti ń yọ gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìpín ọmọ náà jẹ́ 20 nínú 100. Wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 20, wọ́n ná 4 ní sítúdíò, wọ́n ná 10 sórí fídíò, wọ́n sì ka ìdajì owó fídíò sí i lọ́rùn. Gbèsè rẹ̀ di mílíọ̀nù 29. Orin wá pa mílíọ̀nù 60. Ìpín tirẹ̀ jẹ́ 12, wọ́n fi dí gbèsè, ó ku 17 lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ná 34, wọ́n gba 60. Ká fi owó ìpolówó sílẹ̀, èrè mílíọ̀nù 26 ti wọlé fún wọn nígbà tí ọmọ yín ò tíì rí kọ́bọ̀ lé owó àkọ́kọ́.

Ó níbi tó fi sàn ju àwìn aṣọ ṣá: tí orin ò bá tà, wọn kì í sábà ní kó fowó àpò rẹ̀ san án. Ẹ wò ó bóyá ìwé yín sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo iye àwo. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwo kan, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti béèrè mẹ́rin sí i, ilé iṣẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ yẹn. Ọmọ ò lè kúrò tí wọn ò bá yọ̀ǹda rẹ̀.

Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ orin ni kẹ́ ẹ wá, kó sì jẹ́ tiyín. Láwọn ọdún 1980, ilé ẹjọ́ níbí dá olórin kan, Gilbert O'Sullivan, láre lórí ìwé tó tọwọ́ bọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé nínú iṣẹ́ láìsí agbẹjọ́rò tirẹ̀. Àtìgbà náà ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kí olórin ní lọ́yà tirẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Àbúrò yín ní Dublin

Ṣé kò ní kúkú gbé e jáde fúnra rẹ̀? DistroKid tàbí TuneCore, àwọn tó ń bá olórin pín orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á gbé e lọ sí Spotify àti Apple Music, másítà á sì jẹ́ tirẹ̀.

Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà, Houston

Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe, àmọ́ gbígbé orin síta nìyẹn, àwọn èèyàn ò tíì gbọ́ ọ. Láti 2024, Spotify kì í sanwó lórí orin tí wọn ò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín ọdún kan. Ta ló máa bá a wọ rédíò, ta ló máa bá a sáré fisa, ta ló máa sanwó bọ́ọ̀sì àwọn onílù?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yín dùn mí dọ́kàn, pàápàá orin bàbá yín. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí ọmọ náà sá. Ẹ wo King Sunny Adé. Ní 1982, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù òkèèrè kan, Island Records, gbé e jáde fáráyé. Lẹ́yìn àwo mẹ́ta, wọ́n fi í sílẹ̀. Kò parẹ́, torí ó ti dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀ nílé láti 1974, ó sì ń gbé àwo jáde níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó fi wà pẹ̀lú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn sọ nìyẹn: kí wọ́n máa lo orin náà fún ọdún bíi méje, lẹ́yìn náà kó padà. Tó bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n gba òkèèrè, kí Nàìjíríà ṣẹ́ kù fún un.

Kó tó tọwọ́ bọ ohunkóhun, kó lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tówó tiẹ̀ ti lè wá tààrà. Ní Amẹ́ríkà níbí, SoundExchange máa ń gba owó orin tí àwọn rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Pandora bá lò. 45 nínú 100 jẹ́ ti olórin, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń san án sí, kì í gba inú gbèsè ilé iṣẹ́ kọjá. PPL ń ṣe irú ẹ̀ fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ìlú ọba. Ẹni tó lu ìlù nínú orin náà ní ìpín níbẹ̀, tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé wọ́n kọ orúkọ onígángan yẹn síbì kankan?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A ti rí lọ́yà kan l'Ékòó tó mọ iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ ni mo ń san. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, wọn ò sì bínú. Wọ́n ti kúrò lórí títí láé, wọ́n ní ọdún 15. Lọ́yà ní ká dúró lórí méje.

Ìyàwó wa Houston, wọn ò kọ orúkọ onígángan síbì kankan. Nígbà tí mo béèrè, ọmọ náà gbá orí mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, ọjà Atàkúnmọ̀sà ni ìyá ọmọ ọ̀hún ti ń ta ata. Ó ránṣẹ́ pè é lójú ẹsẹ̀, òun àti ẹni tó ṣe orin náà ní sítúdíò. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, wọ́n ya ojú ewé kan nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ilé wa, wọ́n kọ orúkọ àwọn orin mẹ́fà síbẹ̀ àti ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan: 50, 30, 20. Onígángan ló kẹ́yìn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó bi mí bóyá orúkọ tí ìyá òun ń pe òun ni kóun kọ ni àbí ti orí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Mo ní kó kọ méjèèjì.